Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére Àwọn Ọba

Ní ọjọ́ kan nínú sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà níhìn-ín ní Jisonayili kó àwọn àwòrán kan wá sí kíláàsì, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì gígùn. Àwòrán ohun àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn, àwọn ohun tí ó wà ní mùsíọ̀mù, èyíinì ni àwọn ilé ńlá tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí kí òjò àti ikán má ba à pa wọ́n run. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wa mú èyí tí ó ti ilẹ̀ tirẹ̀ wá, kí ó ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì sọ fún wa nípa ẹni tí ó ṣe é. A rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọmọ Kùmásí mú ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kan; ọmọ Tamale mú ìlù; ẹnì kan tí ó ti ilẹ̀ Tógò wá mú àga onígi. Ẹ̀yìn àwòrán ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ohun tí a kọ sí ibẹ̀ kò ju orúkọ ẹ̀yà lọ: Asante, Dagomba, Ewe. Bí ènìyàn bá gba ìwé náà gbọ́, yóò rò pé gbogbo Asante ni ó péjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n sì rọ ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo.

Tèmi nìkan ni ó ní orúkọ ènìyàn. Àwòrán ilẹ̀kùn onígi kan ni, èrò sì kún inú rẹ̀ bí ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo sì fọ́nnu díẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wa ní kí n dìde kí n sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Èmi tí mo lè ka orúkọ àwọn òyìnbó tí wọ́n wá orísun odò Ọya kiri láìṣi ọ̀kan, n kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ìtìjú yìí ni ó mú mi wá ìtàn rẹ̀ kiri. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Nítorí pé àwọn tí yóò kà á ti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wá, àwọn mìíràn ti Atakpamé wá, a sì bí àwọn mìíràn ní Tamale níhìn-ín, mo bẹ àwọn ọmọ Èkìtì pé kí wọ́n fara dà á bí mo bá ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré.

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Èkìtì, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Àpáta ni, igbó ni, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ọba tirẹ̀ tí kò sin ọba mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni a bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú kan tí òkìkí àwọn agbẹ́gilére rẹ̀ ti kàn láti ìgbà pípẹ́. Ayé kò rọgbọ nígbà náà. Ọmọdé tí kò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ ni ó wà nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, síbẹ̀ ó di ọdún 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ibùdó ká. Ẹni tí a bí sí irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìlù ogun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó gbọ́ ìró àáké agbẹ́gilére.

Nígbà tí ó ṣì kéré ni ó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìsẹ̀, ní apá gúúsù ilẹ̀ Èkìtì, ibẹ̀ ni ó sì di ìlú rẹ̀ títí di òní nínú orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Arínjalẹ̀ ni oyè ọba Ìsẹ̀. Ọ̀dọ̀ Arínjalẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ti ṣe ẹmẹsẹ̀, èyíinì ni ìránṣẹ́ ààfin. Ẹmẹsẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Òun ni ẹsẹ̀ ọba lóde: òun ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ ọba fún àwọn ìjòyè, tí ó ń mú àlejò wọlé, tí ó ń dúró lẹ́bàá ògiri nígbà tí àwọn àgbà bá ń fọ̀rọ̀ jomitoro ọ̀rọ̀. Èmi rò pé níbẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ti gba ohun tí agbẹ́gilére mìíràn kì í rí gbà. Ẹni tí ó máa ń rí ọba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ọjọ́ ọdún, adé nìkan ni yóò rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rí ọba lójoojúmọ́ mọ bí ọba ti ń fẹ̀yìn tì, bí olorì ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, bí àwọn tí ó mú ẹ̀bùn wá ti ń wo ojú ara wọn. Gbogbo èyí ni ó padà wá gbẹ́ sára igi.

Ó yẹ kí n sọ bí ààfin ilẹ̀ Èkìtì ti rí láyé ọjọ́un, nítorí láìmọ ààfin, iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò lè yé ni. Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, tí ilé yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Etí òrùlé yọ síta sí ojú àgbàlá, òpó ni ó sì ń gbé e ró. Lábẹ́ etí òrùlé yìí, láàárín àwọn òpó, ni ọba ń jókòó sí bí ó bá fẹ́ gba ènìyàn lálejò. Nítorí náà, òpó tí a gbẹ́ àti ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú àlejò yóò bá pàdé. Ọba tí òpó rẹ̀ jẹ́ igi lásán, àlejò yóò ti mọ bí agbára rẹ̀ ti tó kí ó tó lanu.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Èkínní ni ọnà lílé, nígbà tí a fi àáké lé igi títí tí a ó fi mọ ibi tí orí, ikùn àti ẹsẹ̀ yóò wà. Àlétúnlé ni ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a ó fi ọ̀bẹ dán ara ère náà kí ó lè jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn ni fínfín, nígbà tí a ó fín irun orí, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ẹni tí ó bá jókòó ti irun orí kí orí tó dúró, yóò ba igi jẹ́. (Mo rántí èyí ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní nígbà ìdánrawò, tí mo ń bá wọn jà lórí bí lẹ́tà ti ń tẹ̀ sí kí wọ́n tó mọ bí a ti ń di pẹ́ńsù mú.) Ara igi kan ṣoṣo ni gbogbo ère náà sì ti ń jáde, a kì í fi ìṣó kan apá mọ́ ọn, a kì í lẹ orí mọ́ ọn.

Ọlọ́wẹ̀ mọ ọ̀nà yìí dáadáa, ṣùgbọ́n kò dúró síbi tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ dúró sí. Lára ilẹ̀kùn àwọn mìíràn, àwòrán kì í ga ju ara pákó lọ púpọ̀. Ti Ọlọ́wẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára igi, bí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ara wọn kọjú sí ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n àwọn kan yí ojú padà láti wo ẹni tí ń wò wọ́n. Ọrùn wọn gùn, ẹ̀yìn wọn tọ́, a sì kun wọ́n ní àwọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn pàápàá kò wà lásán, ọnà tí a fín ni ó kún un. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá rò pé èyí rọrùn mú ọ̀bẹ àti pákó kí ó dán an wò. Bí a bá ṣe ń gbẹ́ ère jinlẹ̀ tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí bí apá ère kan bá kán lójijì, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Arínjalẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ ńlá, ó sì gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ìsẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti tàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti ilẹ̀ Àkókó. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń ràn án lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ààfin nìkan ni ó ṣe. Ó gbẹ́ ìlù, ó gbẹ́ ère ìbejì, ó gbẹ́ ọpọ́n tí a ń gbé obì síwájú àlejò. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun ni Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lọ́dọ̀ Ọgọ̀gà, ọba ìlú náà, láàárín ọdún 1910 sí 1914.

Nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún Ọgọ̀gà, ọ̀kan wà lónìí ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ ọnà ńlá kan tí a ń pè ní Art Institute. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún 1984. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ títí. Ọba jókòó sórí àga pẹ̀lú adé, ẹyẹ sì wà lórí adé náà. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé Ọlọ́wẹ̀ ṣi ìwọ̀n gbé, nítorí olorì náà ga fíofío ju ọba lọ, ẹsẹ̀ ọba kò sì tó ilẹ̀ bí ti ọmọdé. Ó pẹ́ kí n tó wòye ohun tí ó ń ṣe. Ẹ wo orí ẹni tí òrùlé gbé lé. Orí ọba kọ́. Orí olorì ni. Obìnrin yìí ni òpó gan-an, òun ni ó sì dá ilé dúró tí ọba fi ráyè jókòó. Ọlọ́wẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú Ọgọ̀gà nínú ààfin Ọgọ̀gà fúnra rẹ̀, Ọgọ̀gà sì gbà á, ó sanwó, ó ní kí wọ́n nà án ró. Mo bọ̀wọ̀ fún agbẹ́gilére náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọba náà.

Ilẹ̀kùn tí mo mú àwòrán rẹ̀ ní kíláàsì, ti ààfin kan náà ni. Pákó méjì ni, tí a fi ìlà pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìpele márùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni Ọlọ́wẹ̀ sọ sínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ dé ilẹ̀ Èkìtì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ Ambrose wá kí Ọgọ̀gà. Lára pákó òsì, Ọgọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé, olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára pákó ọ̀tún, Ambrose ń bọ̀. Òun kò fi ẹsẹ̀ rìn, nínú ohun tí a fi ń gbé ènìyàn ni ó wà, tí aláàárù méjì rù ú. Ní àwọn ìpele yòókù, àwọn olorì wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àti àwọn tí ó ru ẹrù òyìnbó.

Ní ojú tèmi, ẹ̀rín díẹ̀ wà nínú ilẹ̀kùn yìí. Ọba jókòó, ara rẹ̀ balẹ̀, ó gbòòrò. Ajẹ́lẹ̀ ká orúnkún jọ nínú ohun tí a fi gbé e bí adìyẹ tí a ń gbé lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ ẹ, ajẹ́lẹ̀ ni ó ń pàṣẹ, ọba ni ó ń gba àṣẹ. Ọlọ́wẹ̀ mọ èyí. Ẹmẹsẹ̀ kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n. Kò purọ́ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí òyìnbó wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kàn fi ìdúró àti ìjókòó sọ ẹni tí ó jẹ́ onílé àti ẹni tí ó jẹ́ àlejò.

Ní ọdún 1924 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ohun tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso han ayé. Wọ́n kọ́ ilé fún Nàìjíríà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ tirẹ̀ fún Gold Coast, bí a ti ń pe ilẹ̀ Ghana nígbà náà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ibẹ̀. Àwọn olùtọ́jú British Museum rí i, ojú wọn kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ọgọ̀gà kọ̀, ó ní òun kò ta ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó bọ̀, títí tí wọ́n fi fẹnu kò sí pàṣípààrọ̀: ọba yóò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọn yóò sì ṣe àga ọba kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ṣe di ohun ìní British Museum, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Àríyànjiyàn gidi ni ìpín yìí dá sílẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọmọ Kùmásí ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe fún wa kò jọ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn, pé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ Kùmásí ní ọdún 1874 tí wọ́n kó wúrà ààfin lọ, kò sì sí ẹni tí ó gbé àga wá. Ó rán wa létí pé ní ọdún 1924 kan náà ni Asantehene Prempeh Kìn-ín-ní padà dé láti erékùṣù Seychelles, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ. Nígbà tí British Museum àti Victoria and Albert Museum sì gbé ohun 32 wá sí mùsíọ̀mù ààfin Manhyia ní ọdún 2024, wọ́n yá wọn fún Asante ni, wọn kò dá wọn padà. Ẹlòmíràn mẹ́nu kan Benin, tí wọ́n fi ogun kó ní ọdún 1897, tí ilẹ̀ Nẹ́dálándì sì dá ohun 119 padà fún Nàìjíríà nínú èyí tí ó ti ibẹ̀ lọ, ní ọdún 2025. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀ kò ní ẹjọ́ láti rò.

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. A kò jí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, n kò sì ní pè é ní olè kí ọ̀rọ̀ mi lè dùn. Síbẹ̀ n kò lè ṣàìbéèrè bí ó ti rọrùn tó fún ọba abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924 láti sọ pé òun kò ṣe, kí ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jùlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga tàbí ilẹ̀kùn. Àwọn tí ó gba ilẹ̀kùn náà kò gba orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Wọ́n yìn ín, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà igi tí ó dára bí èyí ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Yorùbá ni wọ́n pè é, ó tán. Ní gbogbo ìgbà yìí Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè. Kò kú, kò sá lọ. Ó wà ní Ìsẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú àáké rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo Èkìtì sì mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ọgọ̀gà ní ìbéèrè kan péré, ìdáhùn kò ní pẹ́ bí ìmí ẹ̀ẹ̀kan. Ọdún mẹ́rìnlá sí i ni ó fi wà láyé lẹ́yìn ìpàtẹ náà.

Kí n má ba à gbàgbé, ó kù iṣẹ́ rẹ̀ kan tí mo fẹ́ sọ, nítorí òun ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìdánrawò fẹ́ràn jù. Ọpọ́n obì kan ni, tí ó wà ní Washington, ní mùsíọ̀mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí ìjọba Amẹ́ríkà ní. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé ọpọ́n náà dání. Àwọn ènìyàn mìíràn yí i ká lábẹ́ ọpọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ń bá a gbé e. Lórí ọmọrí ọpọ́n ni àwọn obìnrin mìíràn tún wà tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Títí dé ibẹ̀, a lè ní agbẹ́gilére mìíràn lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú àlàfo tí ó wà láàárín àwọn tí ó yí obìnrin náà ká, orí ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí kò so mọ́ ohunkóhun. Bí a bá mi ọpọ́n náà, orí náà yóò yí síhìn-ín, yóò yí sọ́hùn-ún. Kò lè jáde, nítorí ó tóbi ju àlàfo lọ. A kò sì fi sí i láti òde, nítorí ara igi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọ̀bẹ ni Ọlọ́wẹ̀ tì bọ àárín àwọn ère náà, tí ó fi ń gbẹ́ orí náà díẹ̀díẹ̀ nínú àhámọ́ rẹ̀, títí ó fi já kúrò lára igi tí ó bí i. Kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di dandan. Ọpọ́n yóò gba obì láìsí orí tí ń yí. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ó fẹ́ fi ṣeré ni. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Àwọn òpó rẹ̀ ṣì ń gbé òrùlé ró nígbà náà, ṣùgbọ́n ayé ààfin ti ń yí padà. Páànù ń rọ́pò òrùlé àtijọ́, ilé alápetéèsì ń dìde, òpó onígi sì ń di ohun tí a ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ti ń bá wọn. Ní ọdún 1944 ni ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ igbó, Philip Allison, kọ̀wé nípa Ọlọ́wẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan tí à ń pè ní Nigeria. Ó dùn mọ́ mi pé ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka igi ni ó béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ igi. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo òpó àti ilẹ̀kùn tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń fi ọrùn gígùn àti ọnà fínfín mọ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ bí a ti ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń padà sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Chicago, àti ní Metropolitan Museum ní New York, níbi tí òpó rẹ̀ kan wà tí jagunjagun gun ẹṣin lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1998, mùsíọ̀mù Washington tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, ti òun nìkan. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀ fún agbẹ́gilére àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan ṣoṣo. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Roslyn Walker, ni ó ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú ọkùnrin náà nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tò láti wo iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo parí ìtàn yìí ní kíláàsì, ọmọ Tamale tí ó mú ìlù bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní bí ọ̀gbẹ́ni onígbó yẹn kò bá béèrè, ṣé orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ì bá ti parun nìyẹn? Mo ti fẹ́ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan tí mo kà, mo sì sọ ọ́ fún un. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà dé Ìsẹ̀, ó ń béèrè nípa rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ arúgbó kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ni ìyá náà. Wọ́n bi í bóyá ó rántí ọkọ rẹ̀, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, ó ń ka àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe àti ààfin tí ó ti ṣe wọ́n, wọ́n sì gbà á sílẹ̀.